Itọ́ Inú Ike

Káfíńtà kan wúkọ́ títí kó tó lè sọ ohun tó bá wá sí ojú fèrèsé ilé àyẹ̀wò. Ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ na ike kékeré kan sí i.

"Ẹ lọ síta níbi tí afẹ́fẹ́ wà, kí ẹ wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ o. Tó bá jẹ́ itọ́ lásán, kòkòrò kì í hàn nínú rẹ̀, màá dá a padà fún yín."

"Áńtì, ṣé bí ẹ ṣe máa ń le nílé náà nìyí?"

Ọmọbìnrin náà fẹ́ fajú ro, àmọ́ ẹ̀rín bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu.

Olójú Àṣá ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí kò sí kòkòrò tó lè sá pamọ́ fún un lábẹ́ awò tó ń sọ ohun tíńtín di ńlá. Ó rí ti káfíńtà kedere, pupa, tínrín-tínrín: ikọ́ fée ni. Dókítà kó oògùn tó máa lò fún ọ̀pọ̀ oṣù fún un.

Gbogbo ìgbà tó bá wá gba oògùn ló ń yà síbi fèrèsé yẹn. Lọ́jọ́ kan, ó gbé àga kan wá. Ó ti ń wo bí ọmọbìnrin náà ṣe ń tẹ ọrùn lórí awò, ó sì kan àga tó ga tó bó ṣe yẹ. Ọmọbìnrin náà jókòó lé e, ọrùn kò ro ó mọ́. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé.

Nígbà tí ìyá ọmọbìnrin náà gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fẹ́ra, ó yarí kanlẹ̀.

"Àrùn yẹn ló pa bàbá rẹ. Kó tún àyẹ̀wò ṣe. Tí kòkòrò bá ṣì wà níbẹ̀, má dárúkọ ọkùnrin yẹn sí mi létí mọ́."

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, káfíńtà gbé ike rẹ̀ wá, kò sì bá a ṣàwàdà. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò. Olójú Àṣá gbé ike náà sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́ gaara, ó ń hó lórí. Itọ́ ni. Ó ti dá irú ẹ̀ padà fún àìmọye èèyàn.

Kò dá eléyìí padà. Ó fi kun dígí, ó pa á láró, ó wò ó lábẹ́ awò.

"Kò sí nǹkan kan," ló wí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé èsì.

Ìyá gbà. Wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Káfíńtà ń kan bẹ́ẹ̀dì wọn, ara rẹ̀ le koko, ó sì pa oògùn tó kù tì.

"Jọ̀ọ́, lò ó tán," ni ọmọbìnrin náà bẹ̀ ẹ́.

"Ṣebí ìwọ lo ní kò sí nǹkan kan?"

Ọmọbìnrin náà gbé oògùn náà kalẹ̀ sórí tábìlì.

Ọ̀dà ara bẹ́ẹ̀dì náà kò tíì gbẹ nígbà tí káfíńtà wúkọ́ tí ẹ̀jẹ̀ sì jáde.

"Ara yín ti mọ odi yí kòkòrò yẹn ká," ni dókítà sọ fún un. "Inú odi ló ń sùn sí, oògùn sì ń pa á díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ẹ ti dá oògùn dúró kó tó tán. Àwọn tó ṣẹ́kù ti mọ ọwọ́ oògùn náà, wọ́n sì ti wó odi. Ara yín ń bá wọn jà, àmọ́ ìjà yẹn gan-an ń ba ẹ̀dọ̀fóró yín jẹ́."

Wọ́n pààrọ̀ oògùn. Síbẹ̀, káfíńtà ń rù sí i ni. Ọmọbìnrin náà máa ń jókòó tì í, wọ́n á ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu.

"Mo mọ̀ pé itọ́ ni," ni káfíńtà sọ lọ́jọ́ kan.

"Èmi náà mọ̀."

"Mo rò pé wàá dá a padà fún mi."

"Ẹ̀rù ń bà mí kí n má pàdánù rẹ, ọkọ mi."

Káfíńtà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó mí délẹ̀, ó ní, "Tí wọ́n bá fún ìwọ náà lóògùn, lò ó tán. Ṣèlérí fún mi."

Ọmọbìnrin náà ṣèlérí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ bu omi wá fún un. Kó tó dé, káfíńtà ti kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, dókítà yẹ òun náà wò.

"Kòkòrò náà wà lára yín. Ara yín ti mọ odi yí i ká, ó ń sùn. Oògùn yìí máa pa á kó tó jí."

"Ṣé tirẹ̀ gan-an ni? Ṣé ara rẹ̀ ló ti wá?"

"Ara rẹ̀ ni."

Ọmọbìnrin náà fọwọ́ lé àyà. Wọn kò ṣègbéyàwó, wọn kò bímọ. Ohun kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà fi sí i lára nìyí, oògùn ló sì máa fi pa á.

Nílé, ìyá rẹ̀ gbé omi dúró tì í, omijé ń bọ́ lójú òun náà. "Gbé e mì, ọmọ mi."

Ó gbé e mì. Àràárọ̀ ló ń gbé e mì, àràárọ̀ ló sì ń sunkún. Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún mọ́, á kàn jókòó tì í ni.

Lọ́jọ́ tó lo èyí tó gbẹ̀yìn, ó fi orí lé èjìká ìyá rẹ̀.

"Màmá, kò sí nǹkan kan tirẹ̀ tó kù lára mi mọ́."