Owó Kan Náà, Ẹ̀rọ Méjì

“Ọ̀lẹ ni wá! Owó kan náà ni àwa àti orílẹ̀-èdè òdìkejì odò jọ ń ná. Síbẹ̀ wọ́n là, àwa ò là. Kí ló kù, bí kì í bá ṣe ìwà wa?”

Nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ni ọmọbìnrin tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Lọ́yà ti ń ka ọ̀rọ̀ ìjiyàn náà. Òun kọ́ ló kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, tí wọ́n jọ ń ṣojú ilé-ẹ̀kọ́ wọn níbi ìjiyàn, ló kọ ọ́ fún un, ó sì búra pé ife-ẹ̀yẹ ti dọ́wọ́.

Ìyá rẹ̀, aránṣọ, dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Àtàárọ̀ ló ti ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, torí iná ò sí.

“Ta lọ̀lẹ? Èmi àbí ẹ̀rọ?”

“Ẹ má bínú, Màámi. Ìjiyàn lásán ni.”

“Ìròyìn ò tó àfojúbà. Gbé ṣẹ́ẹ̀tì méje yìí kọjá afárá lọ fún àǹtí rẹ ní òdìkejì odò, kó bá mi lu ihò bọ́tìnnì wọn. Kí o sì la ojú rẹ sílẹ̀.”

Iná kò ṣẹ́jú ní ṣọ́ọ̀bù àǹtí. Kí Lọ́yà tó mu omi tán, ẹ̀rọ ti lu ihò gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì náà. Nílé, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni, odindi ọjọ́ kan gbáko.

“Àǹtí, ẹ múra sí iṣẹ́ ju Màámi lọ ni, àbí?”

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. “Èmi kẹ̀? Ọ̀gá kan náà ló kọ́ wa níṣẹ́, èmi ni mo máa ń sùn lé aṣọ oníbàárà lórí! Mo tojú oorun rán apá kóòtù mọ́ ọrùn rẹ̀ rí. Ìyá rẹ ló bá mi tú u kí ọ̀gá tó dé.”

“Kí ló wá fà á?”

“Ibi tí iná kì í lọ ni mo bá ọkọ dé. Ìjọba ibí ṣe ọ̀nà, wọ́n sì yá ẹgbẹ́ aránṣọ ní ẹ̀rọ. Owó kan náà là ń ná, èdè kan náà là ń sọ, orin kan náà là ń kọ nídìí iṣẹ́. Kò sí èyí tó ń tan iná nínú wọn.”

Lọ́jọ́ ìjiyàn, Lọ́yà bọ́ síwájú. Bó bá ka ìwé ọwọ́ rẹ̀, ife ti dé. Bí kò bá kà á, kò há ohunkóhun sórí. Ó wo ìyá rẹ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ó ká ìwé náà pọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́… mo… mo ní àǹtí kan tó fẹ́ràn oorun…”

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ó ń kólòlò, àmọ́ ó ń sọ ọ́, agogo sì dún kó tó parí. Ipò kejì ni wọ́n gbà.

Ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n wú bíi búrẹ́dì. “O fi ife wa tọrẹ!”

“Ìyá tìẹ ńkọ́, tó ń ta yìnyín? Ọ̀lẹ ni?”

Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ họ orí. “Gbogbo yìnyín rẹ̀ ló yọ́ lánàá,” ló wí. “Iná lọ.” Ni ẹ̀rín bá gba ẹnu àwọn méjèèjì.

Kí a tó pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀lẹ, ká kọ́kọ́ wo irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò sì dá wa lójú, ká má fi ẹnu wa sọ ọ́, bó tilẹ̀ máa gba ife wá.