Ìdájọ́ Àríyọ̀ Nídìí Ọparun

Aṣọ ọ̀fọ̀ dúdú ló wà lára Àríyọ̀, ṣùgbọ́n ìbínú ló gbé e jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn ìlú tí wọ́n ti ń wo eré tẹlifíṣọ̀n ní Òkìtìpupa, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé náà. Ìdí ọparun gíga tí wọ́n so irin tẹlifíṣọ̀n mọ́ lórí ni Vincent wà tó ti rí i. Òun ni kánsù gbà pé kó máa yí ọparun náà kí àwòrán lè dúró. Ó máa ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn èèyàn nínú gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n kò rí òpin eré kankan rí.

"Ọkọ inú eré yẹn kò fẹ́ràn aya rẹ̀!" Àríyọ̀ ń sọ fún Eunice, ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Aya ń ṣàìsàn, ọkọ ń kọrin fún un. Ṣé orin ni yóò mu? Kó lọ gbé omi gbígbóná wá!"

Vincent bú sẹ́rìn-ín. Ọparun yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ariwo sì ta nínú gbọ̀ngàn: "Àwòrán ti lọ o! Vincent!"

"Ẹ ti ba eré jẹ́ mọ́ gbogbo ìlú lọ́wọ́," ni Àríyọ̀ wí, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Eunice yíjú wò ó. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá Àríyọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Láti ọjọ́ náà, bí eré bá ti parí, Àríyọ̀ a wá sídìí ọparun wá dá ẹjọ́ rẹ̀. Èyí dùn, àmọ́ wọ́n kánjú parí rẹ̀. Tọ̀hún kò dára rárá. Ìyá ń sunkún ọmọ, kò sómi lójú rẹ̀. "Ẹni tó bá ti sunkún rí ló mọ ẹkún," ó wí jẹ́jẹ́. Vincent sún mọ́ ọn díẹ̀.

"Bùrọ̀dá Vincent, ẹ̀yin kì í wo eré ni?"

"Ẹnu rẹ ni mo ti ń wò ó. Ó dùn ju ti inú àpótí lọ."

"Ẹlẹ́nu dídùn! Ẹ di ọparun yín mú."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ìfẹ́, Vincent lọ kí bàbá Àríyọ̀, Alàgbà Dúrósinmí, ní ilé àdúrà Aládùúrà tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Vincent. Bó ti ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ ló ṣe wọ ibẹ̀, tòun ti bàtà dídán, títí dé iwájú pẹpẹ.

"Ibi tí aya mi kúnlẹ̀ sí kẹ́yìn lo fi bàtà tẹ̀ yẹn," ni alàgbà wí. "Máa lọ. N kò ní ọmọ tí n ó fún ọ."

Vincent bẹ Benedict, olùkọ́ ìjọ wọn tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, pé kó lọ bá òun bẹ alàgbà. Kí Benedict tó lọ, Sátidé pé. Àríyọ̀, tó ti gbọ́ nípa rẹ̀, wá sídìí ọparun, kò wo ojú Vincent.

"Eré òní kò dára," ó wí. "Àna ń bínú, ọkọ ìyàwó rán alágbàwí sí i. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ṣẹ̀, ṣé ẹnu ẹlòmíràn ló yẹ kó fi bẹ̀bẹ̀?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, Vincent fi bàtà sílé ní Àyèká, ìlú tó ń gbé, ó sì fẹsẹ̀ lásán rìn wá sí Òkìtìpupa lórí òkúta wẹ́wẹ́ ojú títì. Kò wọ ilé àdúrà. Ìta ló kúnlẹ̀ sí títí ìsìn fi parí.

Alàgbà jáde. Ó wo ẹsẹ̀ tó kún fún eruku, tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Àríyọ̀, ìwọ tí ò ń dájọ́ eré, èyí ńkọ́?"

Àríyọ̀ ti lọ sẹ́yìnkùlé. Nígbà tó padà, abọ́ omi gbígbóná ló gbé lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀, ó sì ń fi omi náà wẹ ẹsẹ̀ Vincent.

"Èyí kò tíì parí, Bàbá mi," ó wí. "Mo fẹ́ wò ó dópin."

Alàgbà fa aṣọ ìnujú funfun yọ lápò, ó nà án sí i.

"Bí o bá nù ún tán," ó wí, "mú ọkọ rẹ wọlé."