Nígbà Tí "Dúró!" Di Ẹ̀fẹ̀

Láàárọ̀ Sátidé yẹn, ohun kan ṣoṣo tó ń da Lowell Prather láàmú ni ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó fẹ́ jóná nínú páànù. Iṣẹ́ òrùlé ló ń ṣe káàkiri Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà. Àmọ́ bí oṣù Ògọ́ọ̀sì bá ti wọlé, òun, ìyàwó àti ọmọ á kó àgọ́ wọn lọ sí pápá, wọ́n á gbé ẹ̀wù irin wọ̀ bíi ti àwọn jagunjagun Yúróòpù láyé ọjọ́un, wọ́n á sì bá ẹgbẹ́ wọn ja ìjà àjàṣeré. Idà pankẹ́rẹ́ ni wọ́n ń lò, àmọ́ pankẹ́rẹ́ tó nípọn ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ ni. Ẹni tó bá bà lára kò ní rántí pé eré ni.

Lowell ló ń ṣètò èyí tó pani lẹ́rìn-ín jù, Ìjà Ṣíbí Ìdáná. Ẹni tó bá borí á gba ṣíbí onígi gbọọrọ kan.

"Mo ti rí ẹ̀fẹ̀ tuntun," ó sọ fún Marlys, ìyàwó rẹ̀. "Lónìí, ẹni tó bá wù ú lè pariwo 'Dúró!' lásán. Tí ẹnì kejì bá gbà á gbọ́, tó kúnlẹ̀, kí ẹni tó pariwo fi idà gbá a nídìí!"

Marlys, tó máa ń yẹ ohun ìjà wò kí wọ́n tó wọ agbo, gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀.

"Lowell, ṣé orí ẹ pé báyìí? Tí ẹnikẹ́ni bá ti ní 'Dúró!', ì báà ṣe ọmọ ọdún mẹ́ta, gbogbo wa la máa ń sọ idà sílẹ̀, tá a máa kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan. Ohun tá a fi ń mọ̀ nìyẹn pé ẹnì kan ti fara pa. Bíréèkì wa ni. Ta ló ń fi bíréèkì ọkọ̀ ṣeré?"

"Eré ni o, Marlys! Ìwọ náà ti le jù."

"Tí ẹnì kan bá wá ń pè é lóòótọ́ ńkọ́?"

"A máa mọ̀."

A máa mọ̀! Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sin òkú nìyẹn.

Lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí Lowell ti kéde ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ fún gbogbo agbo, ó kan Corinne, ọmọbìnrin wọn, àti Dwight, ọ̀rẹ́ Lowell, tó kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń di idà mú.

"Ọ́ńkù Dwight, ikùn yín ti yọ lẹ́yìn asà o!"

"Jẹ́ kó yọ. Ó ju gbogbo ìwọ lọ!"

Wọ́n kọ lu ara wọn. Corinne nà án léjìká, Dwight nà án nítan, asà ń dún gbàgàgbàgà létí. Lójijì, Corinne ké pé, "Dúró!" Dwight ju idà sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. Àṣà ni lára rẹ̀. Corinne fò yí i ká, ó sì gbá a nídìí pàù! Gbogbo agbo bú sẹ́rìn-ín. Lowell rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Dwight dìde, inú rẹ̀ kò dùn mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í na ọmọ náà gidi. Ibi tó ti gbá a lórí ni awọ tó so akoro irin ọmọ náà mọ́ àgbọ̀n ti já, akoro náà ṣí sẹ́yìn, kò sì sí ohun tó bo ojú òsì rẹ̀ mọ́.

"Dúró!" ni Corinne ké.

"O ò tún rí mi mú lẹ́ẹ̀kejì!" ni Dwight wí, tó ń yọjú láti ihò tín-ín-rín tó wà lára akoro tirẹ̀, kò sì rí i pé tọmọ náà ti ṣí. Ó sì fi gbogbo agbára gbá a. Orí idà náà wọ inú ojú.

Corinne ṣubú lulẹ̀. "Dúró! Ẹ dúró! Ojú mi!" Idà ń bọ́ sí i lẹ́yìn, ó ń bọ́ sí i lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sínú koríko. Agbo ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọmọ yìí mọ eré ṣe.

Ìyá ló mọ ohùn ọmọ rẹ̀. Marlys fo okùn agbo kọjá, òun náà ń ké "Dúró!", kò sẹ́ni tó dúró. Ó fi ara rẹ̀ bo ọmọ rẹ̀, idà Dwight sì fọ́ egungun ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín tó dákẹ́.

Lowell sáré dé pẹ̀lú omi nínú ife, ó fẹ́ fọ ojú náà.

"Má da omi sí i!" ni Marlys ké. "Má tẹ̀ ẹ́, má nù ún. Da omi yẹn nù, kó o fi ife náà bo ojú ẹ̀, kó má kan ẹyinjú. Pe ọkọ̀ aláìsàn!"

Ojú náà kò ṣeé tún ṣe. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, Dwight kò lè gbójú sókè.

"Mo gbọ́ igbe ọmọ náà, Lowell. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni."

"Èmi ni mo kọ́ ẹ pé kó o má gbà á gbọ́ mọ́," ni Lowell wí, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Ẹgbẹ́ gba ètò ìjà lọ́wọ́ Lowell títí láé. Dwight fúnra rẹ̀ dáná sun idà rẹ̀, kò tún wọ agbo mọ́. Nígbà tí Ògọ́ọ̀sì mìíràn dé, Corinne olójú kan ló ń ṣọ́ agbo. Ajá kan ṣèèṣì sáré wọ àárín àwọn tó ń jà, Corinne sì ké pé, "Dúró!" Gbogbo pápá kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lowell kò bá wọn jà, omi mímu ló ń pín kiri. Òun ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀, tòun ti korobá lọ́wọ́, kò sì dìde títí ọmọ rẹ̀ fi ní kó dìde.

Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Ìwọ tó ń kà á yìí, ṣé o kì í dibọ́n pé o dákú láti fi dẹ́rù ba aya rẹ? Ṣé ọmọ rẹ kì í pariwo "Iná!" níbi tí iná kò sí, kí ẹ jọ máa rẹ́rìn-ín? Jáwọ́ níbẹ̀ lónìí, kó o sì bá ọmọ náà wí. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wàá ké "Ẹ gbà mí o!" tọkàntọkàn. Má jẹ́ kí ẹni tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín.