Orúkọ Tí Layefa Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Ọlọ́pàá

Láti ìgbà tí Bàbá Reuben Adébùsóyè ti fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé ìwé ní Oǹdó, kò sí fọ́ọ̀mù tí wọn kì í gbé wá bá a. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí ẹni tó ní kó wá buwọ́ lùwé, inú rẹ̀ kì í dùn.

Layefa ló gbé fọ́ọ̀mù wá láàárọ̀ Sátidé kan. Ẹ̀yà Ìjọ láti Àrògbò létí omi ni, àmọ́ yàrá tó wà lẹ́yìn ilé Bàbá ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ tó ń jó irin sì ń gbé ibẹ̀ títí dòní. Ó fẹ́ ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, ó sì fẹ́ kí Bàbá ṣe onídùúró fóun. Ọjọ́ orí rẹ̀ yóò kọjá èyí tí wọ́n ń gbà tó bá di ọdún tó ń bọ̀, nítorí náà kò sí àyè àṣìṣe.

Bàbá kà á débi tó ti kọ Ẹsẹ̀-Odò gẹ́gẹ́ bí ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, ó wá dúró.

"Pa ibí yìí rẹ́. Kọ Oǹdó, kí o sì máa jẹ́ Adébùsóyè. A ó lọ búra ní kóòtù pé o ti yí orúkọ padà. Bí àwọn tó ń gba ọlọ́pàá ní Àkúrẹ́ bá rí i pé Ìjọ ni ẹ́, wọn ò ní wojú ẹ lẹ́ẹ̀mejì."

Ìfẹ́ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀ o. Lójú Bàbá, ẹ̀bùn ńlá nìyẹn. Àmọ́ ọkàn Layefa rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní orúkọ òun kò ṣẹ ẹnikẹ́ni rí.

Monílọ́lá, ọmọ àbúrò Bàbá, ló gbà á sílẹ̀. Ọlọ́pàá ni, láti Ijapo ní Àkúrẹ́ ló sì ti wá kí Bàbá. Ó ní wọn yóò to gbogbo ìwé ẹ̀rí Layefa jọ, wọn yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò ní kíkún. Bí irọ́ bá hàn, kódà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, onídùúró náà lè dé ilé ẹjọ́.

"Ìbúra kóòtù lè yí orúkọ padà, Bàbá, kò lè yí ìlú bàbá ẹni padà. Ọmọ ìpínlẹ̀ yìí làwọn ará Ẹsẹ̀-Odò náà. Nígbà tí mo ṣiṣẹ́ létí omi, obìnrin Ìjọ kan wá fẹjọ́ sùn ní téṣàn wa. Ó sunkún, ó sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè rẹ̀ nínú wa. Bó ṣe padà sílé nìyẹn. Irú Layefa la nílò."

Bàbá wo fọ́ọ̀mù náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó rántí pé látìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ yìí, òun kò béèrè rí bí wọ́n ṣe ń kíni lédè Ìjọ. Ojú tì í gidigidi.

"Má bínú, ọmọ mi," ló wí, ó sì buwọ́ lu fọ́ọ̀mù náà bó ṣe wà.

Layefa àti bàbá rẹ̀ lọ gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ní Igbẹ́kẹ̀bọ́, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Ẹsẹ̀-Odò wà. Ní Àkúrẹ́, wọ́n wọn gíga rẹ̀, ó ṣe ìdánwò, wọ́n sì bi í ní èdè tó gbọ́. Ìjọ ló kọ́kọ́ dárúkọ, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀.

Nígbà tí orúkọ àwọn tó yege jáde, Bàbá fúnra rẹ̀ ló dúró níta tó kà á sókè fáwọn aládùúgbò: "Layefa Ebimobowei, Ẹsẹ̀-Odò." Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ òtítọ́ sínú fọ́ọ̀mù yín. Bí wọ́n bá tìtorí ẹ̀yà yín fi ohun tó tọ́ sí yín dù yín, ẹ kọ ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ ọlọ́pàá, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ̀yin onídùúró, ẹ má buwọ́ lu irọ́, bó ti wù kí ẹ fẹ́ràn ọmọ náà tó. Bí aládùúgbò yín bá wá láti ìlú mìíràn, ẹ má fún un ní orúkọ yín. Ẹ bá a gbé tirẹ̀ ga.