Fóòmù Ibùsùn Kì í Ṣe Ìjókòó Alùpùpù

Ọ̀sán ganrínganrín ni. Aránṣọ ti rán aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ títí ìka rẹ̀ fi fẹ́ máa ké bí ẹ̀rọ. Ó ní kí òun wọ yàrá lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tó jẹ́ tirẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sùn sẹ́yìn.

Ló bá wọlé.

Ìdí rẹ̀ wọ inú fóòmù, ó kọjá fóòmù, ó sì lọ bá pákó ibùsùn nísàlẹ̀ pẹ̀lú ariwo tó jí gbogbo ọmọ ọwọ́ tó wà ládùúgbò. Orí rẹ̀ wà lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lókè, àárín rẹ̀ nìkan ló wà nísàlẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n ká sínú àpò.

"Yéè! Wọ́n ti pa mí o!"

Kò sẹ́ni tó pa á. Ihò ni. Ẹnì kan ti gé fóòmù náà kúrò níbẹ̀ lódindi: ó fẹ̀ lẹ́yìn, ó tẹ́ẹ́rẹ́ níwájú. Aránṣọ kì í wo gígé aṣọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ìjókòó alùpùpù nìyẹn. Síṣọ́ọ̀sì tí wọ́n sì fi gé e wà lórí ìrọ̀rí, síṣọ́ọ̀sì rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gé bébà, ká má tíì sọ fóòmù.

Inú bí i débi pé, bí wọ́n bá gbé ìkòkò omi lé e lórí, omi náà á hó.

Ọkọ rẹ̀ wà níwájú ilé, ó ń fọwọ́ pa ìjókòó alùpùpù rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń rẹ ọmọ. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni kó máa fi alùpùpù gbé ẹrù oníbàárà láti ìlú dé ìlú. Má-dúró ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí ó máa ń fọ́nnu pé bí òun bá ti kúrò nílé, ẹsẹ̀ òun kì í kan ilẹ̀ mọ́ àfi níbi tí òun ń lọ.

Ìjókòó náà ti ga sókè fíofío. Má-dúró ti fi rẹ́síìnì pupa bò ó, ó ń dán gbinrin. Eṣinṣin tó bà lé e yọ̀ ṣubú.

"Bàbá ọmọ! Kí lẹ fi fóòmù mi ṣe?"

"Fóòmù wa," ni Má-dúró wí. "Àwa méjèèjì la ni ín."

"Ó dáa. Ẹ̀gbẹ́ ta lẹ ti gé e?"

Má-dúró wojú ọ̀run. "Ẹ̀gbẹ́ tó ṣì nípọn ni mo wá."

"Kí ló dé tí tiyín ò nípọn? Ṣebí ẹ̀yin lẹ fara tẹ̀ ẹ́ pa! Ẹ wá tẹ tiyín pa tán, ó wá kan tèmi!"

"Ìyàwó, fara balẹ̀. Ọ̀la la fẹ́ gbé aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn lọ. Bí o bá jókòó lórí nǹkan tí mo ṣe yìí, wàá ní o ò sọ̀ mọ́. Àwọn ará ibùdó alùpùpù wa ló kọ́ mi. Wọ́n ní bó bá ṣe rọ̀ tó ló ṣe dáa tó."

"Kí ni ìjókòó tẹ́lẹ̀ ṣe yín?"

Má-dúró tún fọwọ́ pa rẹ́síìnì náà. "Ó ní ìdí tí mo fi ṣe é."

"Ìdí wo?"

"Ó ṣáà ní ìdí!"

Ẹni tó bá mọ aránṣọ mọ̀ pé 'ẹ' ló máa ń bá ọkọ rẹ̀ sọ. Bó bá ń bú u, 'ẹ' ni. Bó bá ju ṣíbí lù ú, 'ẹ' ni. Ọjọ́ tí 'o' bá jáde lẹ́nu rẹ̀, kí oníkálukú kó ọmọ rẹ̀ wọlé.

"Wò ó," ló wí, "o máa dá fóòmù mi padà!"

Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù tí Má-dúró fi lẹ̀ ẹ́ ti gbẹ.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbéra. Ẹrù aṣọ wà láàárín wọn, aránṣọ wà lẹ́yìn, ó fúnjú pọ̀ bí ẹni tó jẹ orógbó. Kí Má-dúró tó ṣáná sí alùpùpù, aránṣọ wolẹ̀, ó rí i pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ni ọkọ òun fi ń tọ́ ilẹ̀ wò.

"Ẹsẹ̀ yín ò kanlẹ̀ mọ́."

"Kí ló fẹ́ wá ṣe nílẹ̀? Ta ni wọ́n ń pè ní Má-dúró?"

Lóòótọ́, ó kọ́kọ́ dùn. Kòtò tó máa ń fọ́ wọn léyín tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ń fò kọjá lórí rẹ̀ ni. Má-dúró ń súfèé. Àmọ́ nígbà tí wọ́n rìn jìnnà díẹ̀, súfèé náà dá. Fóòmù tó ga bí òkè láàárọ̀ ti rì láàárín bí àkàrà tí wọ́n jókòó lé, etí rẹ̀ nìkan ló ṣì ga lábẹ́ itan. Má-dúró ń yídìí sọ́tùn-ún, ó ń yídìí sósì, bí ẹni tó jókòó lé ilé ìjàlọ. Rẹ́síìnì tó ń dán sì ń yọ̀ wọ́n síwájú. Gbogbo ìgbà tó bá tẹ bíréèkì, ẹrù aṣọ á ti Má-dúró, aránṣọ á ti ẹrù aṣọ.

"Bàbá ọmọ, ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ díẹ̀."

"Rárá."

"Mo ní ká sọ̀kalẹ̀! Mò ń gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń kérora."

"Ṣé kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wá rí mi lẹ́bàá ọ̀nà bí ẹrù tó já bọ́? Dì mí mú, jàre!"

Wọ́n dé ìkóríta ńlá kan. Tírélà tó wà níwájú wọn dúró lójijì.

"Bíréèkì!" ni aránṣọ pariwo.

Má-dúró tẹ bíréèkì. Ó rò pé òun tẹ̀ ẹ́ ni. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kú láti ọ̀nà jíjìn, ó kàn gbé e lé orí irin ni bí ẹni gbé igi síbẹ̀. Ó rán an níṣẹ́, ẹsẹ̀ kò jẹ́ ẹ. Ló bá fa bíréèkì ọwọ́ tagbára tagbára. Alùpùpù dúró, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ìdí tírélà. Má-dúró na ẹsẹ̀ kó fi gbé alùpùpù ró. Ẹsẹ̀ kò tólẹ̀. Nígbà tó sì tólẹ̀, ńṣe ló ká bí aṣọ tútù. Alùpùpù wó lé e, aránṣọ yọ̀ lórí rẹ́síìnì, ó di inú gọ́tà.

Ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn tẹ bíréèkì, ó ké kíjì. Nígbà tí aránṣọ gbé orí sókè nínú gọ́tà, rọ́bà ọkọ̀ náà ló rí, ó rí orí ọkọ rẹ̀, àlàfo tó wà láàárín wọn kò sì gba ìrọ̀rí kan.

"Dìde!" ló kígbe. "Mo ní o dìde níbẹ̀ yẹn!"

"Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ mi lára mọ́," ni Má-dúró wí. Ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé.

Awakọ̀ ọkọ̀ náà bọ́ sílẹ̀, ó káwọ́ lérí. "Ẹ fẹ́ sọ mí di apààyàn! Kí ni mo ṣe fún yín? Mi ò mọ̀ yín rí!"

Òun náà ló gbé wọn, àti alùpùpù àti ẹrù aṣọ, dé ilé ìwòsàn tó wà nítòsí, níbi tí àbúrò bàbá Má-dúró ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Àǹtí Alábẹ́rẹ́ ni gbogbo ẹbí ń pè é. Alùpùpù ni obìnrin náà fi ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára káàkiri abúlé láti ìgbà tí Má-dúró kò tíì héyín. Ohùn rẹ̀ nìkan tó lé ibà jáde lára èèyàn.

Ó fọ ojú egbò wọn. Ó wá fi ìdérí bírò tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ Má-dúró.

"Ṣé o gbọ́ ọ lára?"

"Rárá, Àǹtí."

Ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. "Èyí ńkọ́?"

"Ẹ tíì tẹ̀ ẹ́ ni?"

Inú aránṣọ bà jẹ́. Ẹsẹ̀ yìí ni gbogbo ilé fi ń jẹun.

"Yí ẹ̀yìn padà," ni Àǹtí wí. Ó ti ọwọ́ bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀. Ó yọ pọ́ọ̀sì tó wú bí ọ̀pọ̀lọ́. Ó yọ ìdì kọ́kọ́rọ́. Ó yọ àgádágodo. Ó yọ púlọ́ọ̀gì alùpùpù. "Ṣé ṣọ́ọ̀bù lo gbé sídìí ni? Orí gbogbo èyí lo jókòó lé láti àárọ̀?"

"Kí wọ́n má baà jí i ni, Àǹtí."

"Wọn ò jí i. Ẹsẹ̀ ni wọ́n jí! Gbọ́ mi dáadáa. Egungun méjì wà nísàlẹ̀ ìdí, àwọn ló ń gbé wa ró tá a bá jókòó. Fóòmù ibùsùn ò lè gbé wọn. Ẹni tó nà gbalaja ni wọ́n ṣe é fún, tí ara rẹ̀ tàn káàkiri lórí rẹ̀. Bó o bá kó gbogbo ara lé ojú kan, á rì ni, irin ni wàá jókòó lé. Irin á máa tẹ iṣan, ẹ̀jẹ̀ ò ní rìn dáadáa, ẹsẹ̀ á kú."

"Ó rọ̀ nígbà tí mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, Àǹtí."

"Ṣé ọwọ́ lo fi ń jókòó?" Àǹtí gbá tábìlì. "Ìgbà wo ni ìrora yìí ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti pẹ́."

"Kí wá ni ìdí tí o kò fi sọ?"

Má-dúró fọwọ́ ti ara rẹ̀ jókòó. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ìdí! Ẹ bi ìyàwó mi! Mo sọ fún un pé ìdí ń dùn mí. Ó ní, 'Ìdí wo? Tọ̀rọ̀ ni àbí tara?' Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lórí àga. Ó lọ sọ fáwọn oníbàárà rẹ̀. Látìgbà yẹn, ẹni tó wá wọn búláòsì á ní, 'Bàbá, ìdí ńkọ́?' Ẹni tó wá gba síkẹ́ẹ̀tì á ní, 'Ẹ bá mi kí ìdí o!' Mo débùdó, wọ́n ti gbọ́ ọ níbẹ̀ náà. Mo ní ó tó. Kí ẹsẹ̀ kú, kí n ṣáà má di àpárá mọ́!"

Aránṣọ fẹ́ dá a lóhùn. Ó wá ìbínú tó gbé wá láti ilé, kò rí i mọ́. Rọ́bà ọkọ̀ yẹn ló ń rí.

"Eré ni mo fi ṣe," ló wí wẹ́rẹ́.

"Eré!" Àǹtí kọjú sí i. "Ọkùnrin ní ibì kan ń dun òun, o fi ṣe eré! Bó bá ní orí ló ń fọ́ òun ńkọ́, ṣé wàá sọ ọ́ di orin? Ìwọ náà," ó tún yíjú sí Má-dúró, "torí wọ́n rẹ́rìn-ín, o gbé ọmọ ọlọ́mọ sẹ́yìn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti kú? Ẹ̀yin méjèèjì ni inú ń bí mi sí, mi ò mọ ẹni tí ǹ bá kọ́kọ́ bínú sí!"

 Nígbà tó yá, Má-dúró dédé fò sókè lórí ibùsùn.

"Yéè! Èèrà! Èèrà ń jẹ mí lẹ́sẹ̀!"

"Kò séèrà níbẹ̀. Ara ló ń jí. Jẹ́ kó jẹ ọ́ dáadáa."

Aránṣọ di ẹsẹ̀ náà mú, ó ń sunkún, ó sì ń gbá a. "Ẹ ò ní sọ mí di opó! Ẹ ò ní sọ mí di opó torí fóòmù!"

"Ìyàwó, rọra gbá a! Mo ti ń gbọ́ ọ!"

Àǹtí ò jẹ́ kí wọ́n fi alùpùpù náà padà sílé bó ṣe wà. Ó tẹ̀ lé wọn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe ìjókòó ọkọ̀, ó dúró tì í lórí. Fóòmù tó le díẹ̀, tó ń ta padà, ni wọ́n lò. Wọ́n jẹ́ kó fẹ̀ níbi tí ìdí ń jókòó sí, kó tẹ́jú, kó má dagẹ̀rẹ̀ síwájú. Kí wọ́n tó bò ó, wọ́n ní kí Má-dúró gùn ún, wọ́n rí i pé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀. Aṣọ tí kì í yọ̀ ni wọ́n fi bò ó, wọn ò sì jẹ́ kí ojú ìránṣọ bọ́ sábẹ́ itan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun alùpùpù lọ sọ́nà jíjìn, ẹ̀yin la ń bá wí, ẹ má wẹ̀yìn. Ẹ yéé gé fóòmù ibùsùn. Ìjókòó tó bá rọ̀ jù á rì, èyí tó bá ga jù á bì yín ṣubú. Ẹ kó gbogbo ẹrù kúrò nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹ ṣọ́kù àti afẹ́fẹ́ inú rọ́bà wò, torí bí ìyẹn bá ti kú, kò sí ìjókòó tó lè gbà yín. Ẹ má gbé oògùn ìrora mì kẹ́ ẹ lè máa gùn ún lọ. Ìrora yẹn ń sọ̀rọ̀ ni, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Bẹ́ ẹ bá ti rìn tó bíi wákàtí kan, ẹ yà sẹ́bàá ọ̀nà, ẹ rìn káàkiri, ẹ mu omi. Bẹ́ ẹ bá sì ti sọ̀kalẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò jí, tàbí tí ẹ kò mọ ìgbà tí ìtọ̀ ń bọ́ lára yín, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, bí ẹnì kan bá sọ ibi tó ń dùn ún, ibi yòówù kó jẹ́, ẹ pa ẹ̀rín mọ́ra kẹ́ ẹ gbọ́ ọ.

Bí ẹsẹ̀ bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú lórí alùpùpù, ẹ sọ̀kalẹ̀! Kí ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín kọjá. Ìlú tẹ́ ẹ ń lọ ò ní kó ẹrù rẹ̀ sá lọ kẹ́ ẹ tó dé.