Òfin Kẹtàlélógún

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo pàdé káfíńtà yẹn, ó fi òfin rẹ́ mi jẹ.

Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ télọ̀ ló mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé kan. Ó ní àwọn kan máa ń ṣeré níbẹ̀. Eré ẹnu ni: o lè di jagunjagun, o lè di oṣó. Ẹ ó máa fi ẹnu rìn nínú igbó, ẹ ó máa fi ẹnu bá ẹbọra jà, dáìsì olójú ogún ni yóò sì sọ ẹni tó borí. Mo ti ra ìwé òfin eré náà, mo sì ti kà á láti èèpo dé èèpo, torí bí mo ṣe rí nìyẹn. Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń fi bírò pupa wá àṣìkọ kí wọ́n tó tẹ ìwé.

Mo ju dáìsì. Ogún gan-an ló gbé jókòó. Lẹ́yìn náà ló tún yí gbirigbiri, ló bá bọ́ sílẹ̀.

"Oókan," ni káfíńtà wí. "Òfin ilé, ìkẹrin: dáìsì tó bá bọ́ sílẹ̀, oókan ni."

"Kò sí nínú ìwé òfin."

"Ìwé òfin ò mọ tábìlì mi."

Òótọ́ ni, ẹsẹ̀ tábìlì náà kan kúrú. Òun fúnra rẹ̀ ló sì kàn án! Odindi káfíńtà, dípò kó tún ẹsẹ̀ tábìlì ṣe, ó ṣòfin lé e lórí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màdáámù Bírò Pupa," ó ní, "ẹ jókòó." Orúkọ tó mọ́ mi lára nìyẹn.

Ọdún méjì ni mo fi jókòó, káfíńtà ló ń darí eré. Òfin ń pọ̀ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ìwé àjákọ kan tó so rọ̀ mọ́ ìṣó lára ògiri. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ẹṣin rẹ̀ á yarọ. Oṣó tó bá sín, ọfọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́. Télọ̀ ni oṣó wa, eruku pákó sì kún gbogbo ilé. Ṣé ẹ rí ìyà?

Èyí tó burú jù ni pé káfíńtà kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Bó bá kọ "ogun", a ó máa jiyàn títí: ogun ni, ogún ni, àbí Ògún?

"Fi àmì sí i!" ni mo máa ń pariwo.

"Ẹni tó gbọ́ mi, á yé e."

Ó ń bí mi nínú. Mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù. Ó fún jagunjagun mi ní nǹkan ìjà kan tí ẹbọra kankan ò lè dúró níwájú rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ lọ, á sìn mí dé ẹnu títì. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó lè ṣòfin lórí sísín ò lè la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mò ń retí.

Nílé, Màmá ti rí dókítà eyín kan fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà fọwọ́ sí i. "Ọkọ ẹ pè o." "Ọkọ ẹ ní kí n kí ẹ." Bẹ́ẹ̀ mi ò tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Mo fẹnu ba ọ̀rọ̀ káfíńtà lẹ́ẹ̀kan. Màmá pòṣé. "Àgbàlagbà tó ń ju dáìsì pẹ̀lú ẹbọra? Tábìlì ẹ̀ gan-an ò dúró, ṣé ilé ẹ̀ ló máa dúró?" Ó ní kí n fún òun lésì kí oṣù tó parí.

Dókítà yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú. Àmọ́ bí mo bá rẹ́rìn-ín, eyín mi ló ń wò.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo débẹ̀ kí àwọn tó kù tó dé. Káfíńtà ti lọ kó pákó. Mo ṣí ìwé àjákọ náà, mo bá èyí tuntun:

"Ofin 23. Eni to ba ni oko, ko fi sile ko to wole."

Ara mi gbóná. Ẹni tó bá ní ọkọ, kó fi sílẹ̀ kó tó wọlé! Ó dájú pé télọ̀ tí mo sọ ọ̀rọ̀ dókítà fún ti tú àṣírí mi. Ó wá gbọ́ pé ẹlòmíì ń fẹ́ mi, dípò kó bá mi sọ̀rọ̀, ó ṣòfin! Ó kọ ọ́ mọ́ ti ẹṣin arọ àti oṣó tó ń sín! Mo yíjú padà, mo bá ọ̀nà ilé lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bínú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, mo rí i pé gbogbo bí mo ṣe ń bínú yẹn, mi ò rò ó rí pé kí n má pa òfin náà mọ́. Mo lọ bá dókítà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kò ní ṣeé ṣe. Ó ní kí n má gbàgbé láti máa fọ ẹ̀yìn eyín mi dáadáa. Màmá ní kí n lọ fẹ́ bírò mi.

Ní Sátidé, mo dúró ti tábìlì. Télọ̀ ti jókòó.

"Mo ti fi sílẹ̀," ni mo wí.

Káfíńtà ò gbójú sókè. "O ṣeun. Ayaba inú eré ò fẹ́ kí wọ́n mú nǹkan ìjà wọ ààfin òun."

"Nǹkan ìjà wo?"

"Ọ̀kọ̀ ẹ. Ọ̀kọ̀ tí mo fún ẹ. Ó fẹ́ pa gbogbo ẹbọra mi tán, ni mo bá ṣòfin."

Ọ̀kọ̀. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ láti mọ ìyàtọ̀! Mo fa bírò pupa yọ, mo fi àmì sí i títí ìwé fi ya. "Àmì mẹ́rin! Méjì lókè, méjì nísàlẹ̀! Ọdún méjì ni mo fi bẹ̀ ẹ́!"

"Kí lo kà á sí?"

Ó wo ìwé, ó wò mí, ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń pè é lóríṣiríṣi ohùn. Nígbà tó kan èyí tí mo kà, ó jókòó lójijì.

"Dókítà eyín yẹn ńkọ́?"

"Ṣé o ò gbọ́ ni? Mo ní mo ti fi sílẹ̀!"

Ó gba bírò lọ́wọ́ mi. Ó ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan: "Òfin kẹrìnlélógún. Ẹni tó bá fi ọkọ sílẹ̀ nítorí àṣìkà, ẹni tó fà á ni yóò fẹ́ ẹ, bó bá gbà."

"Ààyò mi," ó ní, "ọ̀rọ̀ tí kò ní dáìsì nínú máa ń bà mí lẹ́rù. Ó ti pẹ́ tí mo ti nífẹ̀ẹ́ ẹ."

"Gbà fún un jàre," ni télọ̀ wí, "ká lè bẹ̀rẹ̀ eré." Ló bá sín.

Mo gbà. Inú ṣì ń bí mi, omi sì wà lójú mi.

Ó ku Màmá. Ó gbọ́ ẹjọ́ wa tán, ó ní, "Ilé tèmi náà ní òfin. Ẹni tí tábìlì ẹ̀ ò dúró ò ní fẹ́ ọmọ mi. Kó tún un ṣe, kó gbé e wá, kí n gbé ife omi lé e."

Ohun tí káfíńtà kọ̀ fún ọdún méjì, àárọ̀ ọjọ́ kan ló fi ṣe é. Ó sì fa ìlà pa òfin ìkẹrin rẹ́.

Ibi iṣẹ́ ni mo wà lọ́jọ́ tó gbé tábìlì náà lọ. Nígbà tó yá, Màmá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, kò sí àmì kankan níbẹ̀:

"Omi o danu."

Mo wò ó títí. Omi ò dànù ni, àbí omi ó dànù? Irú ìyà wo ni àwọn èèyàn wọ̀nyí fi ń jẹ mí ná? Bí mo ṣe fẹ́ máa pè é padà ni ìkejì wọlé:

"Oko e n duro de e."

Mo dé bírò pupa mi. Èyí ò nílò àmì.