Àgbo Àna

Ọdún ìbò 1996 ni mo pàdé Issiaka, inú ẹrẹ̀ ni. Ó ń fi alùpùpù gbé èmi àti àpò iṣu mi láti Sanson bọ̀ ní Tchaourou, ló bá dà wá sí kòtò. Mo bú u títí ẹnu fi ń ro mí. Ó ń ṣa iṣu, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnu mi mú o, ṣùgbọ́n òun lè máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Ẹ ò rí i bí ọkùnrin ṣe ń bẹ̀rẹ̀!

Nígbà tó di ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ṣe ọ̀wẹ̀ fún bàbá mi, wọ́n ń kọ ebè. Ibẹ̀ ni bàbá ti rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ṣòkòtò rẹ̀. Bàbá ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, àjókòójù orí alùpùpù ló fà á, wọ́n sì ń se àgbo fún un, ìkòkò kan lọ́sẹ̀. Ta ni yóò kọ àgbo lọ́wọ́ àna? Oṣù márùn-ún ni Issiaka fi mu ún. Ẹ̀jẹ̀ ò dá, ó ń rù, kò sì lè sọ pé kò ṣiṣẹ́, kó má dà bí ẹni tó rí àgbà fín.

Ọjọ́ tí mo rí i tó ń gbọ̀n lórí alùpùpù, inú bí mi. Mo fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Parakou.

Dókítà yẹ ìdí rẹ̀ wò, ó rí kókó dúdú kan nínú. Ó gé díẹ̀ níbẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Cotonou fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, ó ní jẹ̀díjẹ̀dí kọ́, jẹjẹrẹ ni, irú èyí tó sábà máa ń yọ lára awọ. Ó bá tún yẹ gbogbo awọ Issiaka wò, àtẹ́lẹsẹ̀, abẹ́ èékánná, títí dé ẹyinjú, kò rí nǹkan kan. Ó ní á jẹ́ pé inú ìfun níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, òun ò sì rí irú rẹ̀ rí. Kò tíì tàn. Iṣẹ́ abẹ ló kù, ní Cotonou: wọn á gé e kúrò, wọn á dí ìhò ìdí, ìgbẹ́ á máa gba ikùn jáde sínú àpò.

"Rahamatou mi," Issiaka ní, "lọ fẹ́ ẹlòmíràn."

Ìyá mi náà ní àwọn ò bí mi fún ọkùnrin alápò. Mo sunkún. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ, bẹ́ẹ̀ ọmọbìnrin tí wọn ò tíì so yìgì fún ò lè tẹ̀ lé ọkùnrin lọ sùn ní Cotonou. Mo bá kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, mo ní kí wọ́n so yìgì wa kí ọkọ̀ ojú irin Àlàmísì tí yóò gbé wa lọ sí Cotonou tó dé.

Ìyá mi fẹ́ sọ̀rọ̀. Bàbá na ọwọ́ sí wọn pé ó tó. Omi ti bọ́ lójú bàbá.

"Àgbo mi ló dá a dúró," wọ́n ní. "Ẹ pe Lèmọ́mù wá."

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pààrọ̀ àpò náà ní ọsibítù, Issiaka kọjú sí ògiri. Mo ní kó gbọ́wọ́ kúrò, ó ń dí mi lọ́wọ́. Dókítà ibẹ̀ sọ fún wa pé àwọn gé e tán, ṣùgbọ́n àìsàn yìí lè padà, ká máa wá ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Nígbà tí dókítà jáde, ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. "Tó bá padà ńkọ́?"

"Olówó orí mi," mo ní, "bó bá padà, á bá mi nílé."